Tíì Tí O Ní Ká Má Fọwọ́ Kàn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Iṣẹ́ ń kọ́? Àwa náà wà níbí, ọpẹ́ ni. Orí rẹ ò ní gbàgbé ọ̀nà ilé, wàá ṣiṣẹ́, wàá jèrè ẹ̀, àmín. Ó dáa, mo ti kí ọ tán. Inú ń bí mi sí ọ, ṣùgbọ́n ìkíni ló ń ṣáájú ìjà.

Tíì tí o fi ránṣẹ́ yìí ni. Nígbà tí mo tú u, mo rò pé ohun tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró ni, nítorí ó rí roboto, ó dúdú, ó sì le bí igi. Ìwé tí wọ́n fi wé e kún fún ìkọ̀wé àwọn ará Ṣáínà, tíṣà àdúgbò wa yí i síwá-sẹ́yìn, àfi nọ́ńbà nìkan ló rí kà. Mo gbé e lọ bá obìnrin tó ń ta oògùn, ó wo ọdún tó wà lára ẹ̀, ó ní wọ́n ti ṣe é kí n tó bí àbúrò rẹ, kí n yáa sọ ọ́ nù. Mo pè ọ́, mo ní wọ́n ti lù ọ́ ní jìbìtì. O ń rẹ́rìn-ín. O ní bó bá ṣe ń pẹ́ ló ń dùn sí i, kí n má fọwọ́ kàn án, ìwọ fúnra rẹ lo máa wá sè é fún wa.

Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo rò pé wọ́n ti yí òfin padà láìsọ fún wa ni, mo bá mú mílíìkì inú agolo tó ti pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo pò ó fún bàbá rẹ. Ọmọ mi, wọn ò kúrò ní ṣáláńgá títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀.

A wá ń retí rẹ. O ní ó di ìgbà òjò, o ò wá. O ní ó di ẹ̀ẹ̀rùn, o ò wá. Bí mo bá bínú, wàá ní kí n fọkàn balẹ̀, tíì ń dára sí i. Ṣé tíì ni mo bí ni? Ọwọ́ ni bàbá rẹ fi ń wá abẹ́rẹ́ báyìí. Dókítà ní ojú ọ̀tún ti ń lọ, tòsì ń tẹ̀lé e. Kóòtù tí bàbá rẹ ń rán fún ọ wà lórí máṣíìnì, wọn ò fẹ́ fi ìwọ̀n àtijọ́ parí ẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi téèpù wọ̀n ọ́ fúnra àwọn, nígbà tí àwọn ṣì ń rí nọ́ńbà orí ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí tíì náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fọwọ́ kàn án, mo sì fẹsẹ̀ kàn án pẹ̀lú, nítorí ó kọ̀, kò fọ́. Bàbá rẹ ló fi imú sísọ́ọ̀sì tú u díẹ̀díẹ̀. O ti ní ká da omi àkọ́kọ́ nù. Irú ìnákúnàá wo nìyẹn, omi tí mo fi iná sè? Mo mu ún, ó dà bíi pé mo lá ògiri. Bàbá rẹ mu omi kejì, wọ́n ní kí n bu òmíràn. Ewé kan náà, mo da omi sí i títí, kò ṣá. Wọ́n ní òórùn ẹ̀ dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Èmi náà tún un mu, mi ò ní purọ́, ó dùn, ìgbà téèyàn bá gbé e mì tán ni adùn ẹ̀ ń dé. A jókòó pẹ́, a ò jà.

Mo pè ọ́, o ò gbé e. Obìnrin inú fóònù ló dáhùn, mo kí i, kò kí mi padà, ó ní kí n fi ohun tí mo ní sílẹ̀ fún ọ. Mo gbé ife sẹ́nu fóònù kí òórùn ẹ̀ lè wọlé dáadáa. Bí o bá ṣí i tí o ò gbóòórùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ni.

Mo fẹ́ wé ìyókù padà dè ọ́, bàbá rẹ di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Fọ́ gbogbo ẹ̀, ká máa mu ún, kó má rí nǹkan kan sọ pé ó ń dára sí i.” A ti fọ́ ọ. Àárọ̀ àtìrọ̀lẹ́ la ń mu ún.

Mo ti kọ iye owó tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ síbí, mo pa á rẹ́. Owó yẹn, fi wọ ọkọ̀. Tíì ló ń pẹ́ tó ń dára sí i, ojú bàbá rẹ kì í ṣe tíì. Ẹlẹ́dàá rẹ á sìn ọ́ wálé láìfarapa, wàá wọlé, bàbá rẹ ò ní bi mí pé ta nìyẹn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.