Ọta Òfìfo Kan

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa ní Montana níbí. Mo ti ra ìbọn ìléwọ́ tí màá máa fi ṣe ìdánrawò yíyìnbọn sí àmì. Ọ̀gá tó ń tà á gbé ìbọn gìrìwò kan lé mi lọ́wọ́: "Màdáámú, èyí ló ń pa béárì!" Mo ní, "Bàbá mi ní ìwọ̀n ọwọ́ ẹni la fi ń ra ìbọn. Kí béárì ṣì dúró ná." Kékeré tí kì í fò lọ́wọ́ ẹni ni mo mú.

Dwight ọkọ mi ní kí n kí yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì jẹ́ kó wálé látoṣù kẹta.

Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń ki ọta òfìfo kan tí kò ní ẹ̀tù mọ́ àwọn gidi láì sọ fún mi, nígbà tẹ́ ẹ ń kọ́ mi níbọn? Tíbọn ò bá dún, tọ́wọ́ mi sì já wálẹ̀, ẹ ó ní, "Verna, ariwo tí ò tíì dún ló ń bà ẹ́ lẹ́rù!" Èmi nìkan ni mò ń ki ọta báyìí, mo sì máa ń mọ ibi tí òfìfo wà.

Bébà tí mo yìnbọn sí nìyí. Ẹ kí Àǹtí Odell, kẹ́ ẹ fi ihò àárín hàn wọ́n. Àwọn ti ìsàlẹ̀ níbi tọ́wọ́ mi ti já, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ wò wọ́n.

Ọmọ yín,
Verna