Wáyà Tí Kò Ní Fíúsì

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àárò wa. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. Ọwọ́ òsì ni mo ń fi dánra wò.

Níbi iṣẹ́, mo fi wáyà so bátìrì mọ́ pọ́ǹpù tó ń gbé ẹ̀yìn tírélà sókè láti da yẹ̀pẹ̀. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé wáyà náà kò ní fíúsì, pé ó lè gbiná. Ó ní, "Àbúrò, fi sílẹ̀, oníbàárà ń kánjú. Mo wà lẹ́yìn rẹ."

Ọmú kan náà la jọ mu, mo gbà á gbọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀yìn tírélà gbéra, wáyà gbiná. Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n gan-an ni iná ń lọ, ni mo bá fọwọ́ ọ̀tún fa wáyà náà já.

Ọ̀gá sáré dé. "Ta ló so èyí?"

Ẹ̀gbọ́n ò wojú mi. "Òun ni. Mo kìlọ̀ fún un títí, kò gbọ́."

Màmá, ìkìlọ̀ tèmi ló gbé, tó sọ di tirẹ̀.

Wọ́n ní kí n lọ sinmi nílé ná. Ìsinmi dùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbálẹ̀ yàrá mi lónìí.

Tí Ẹ̀gbọ́n bá pè yín, ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kí ìyàwó Ẹ̀gbọ́n àtàwọn ọmọ rẹ̀, kí ẹ sọ fún wọn pé iná ò ra bàbá wọn lára rárá.

Èmi ọmọ yín,
Àbígbẹ̀yìn