Sátẹ́láìtì Tí Kò Mọ̀ Pé Òun Ti Kú

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń darí sátẹ́láìtì. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín á pa yín. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ fi ìràwọ̀ hàn mí, nínú ọkọ̀ lójú òkun, tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì, tí ẹ na ẹsẹ̀ kan sórí àwọ̀n, tí ẹ ń jẹ orógbó. Ìfẹ́ yẹn kò kúrò lára mi. Ní Igbókòdá tí mo ti ń tún fóònù ṣe, mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ojú ọ̀run, ẹgbẹ́ náà ló sì bá wa gbàyè láti wo inú ilé iṣẹ́ yẹn, níbi tí àlejò kì í sábà dé.

Wọ́n fi fìlà ọ̀rá bò wá lórí, wọ́n fi ọ̀rá wé bàtà wa, wọ́n wọ̀ wá lẹ́wù funfun kí eruku má baà wọ ibi tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ. Ká ní ẹ rí mi ni, ẹ ó ní kí n wá din àkàrà fún yín. Inú mi dùn bí ọmọ kékeré títí wọ́n fi mú wa wọ yàrá tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn àwọn sátẹ́láìtì.

Yàrá náà tutù, kò ní fèrèsé. Obìnrin ẹnjiníà tó ń mú wa kiri yí nǹkan kan, ohùn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó pè, ó dákẹ́, ó tún pè. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ ọ, òkú ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o."

Sátẹ́láìtì náà ti kú tipẹ́. Bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kàn án lára, á jí, á máa pe ilé. Bó bá wọ òkùnkùn, á tún kú. Wọ́n ti ní kó dákẹ́ títí ó fi sú wọn. Etí rẹ̀ ló kú, ẹnu rẹ̀ ò kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbé fóònù sókè, wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ní tèmi, orí mi wú. Màmá ni mo ń rò.

Bàbá mi, Màmá ní ẹ ṣì ń pe òun.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ké láti inú ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tó gúnlẹ̀? "Gbé àtùpà wá o!" Màmá á gbé e dé orí àtẹ̀gùn etí omi, ẹ ó na apẹ̀rẹ̀ ẹja sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí ọkọ̀ yín tó dojú dé lójú òkun, tí wọn ò rí yín, Màmá ò gbà ká ṣe ìsìnkú. Kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Ó ní a kì í sin ẹni tó ń bọ̀. Àbúrò yín bẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́, kò gbà. Òkun ń jẹ ilé wa lọ, mo wá yàrá fún un ní Igbókòdá, ó ní ẹ ò mọ ibẹ̀.

Bí mo ti ti ìrìn àjò náà dé, mo wọkọ̀ lọ bá a. Ilẹ̀ ń ṣú, a ń jẹun lọ́wọ́, ló bá gbórí sókè.

"Bàbá yín ti dé."

Ó gbé àtùpà, ó jáde sórí pákó iwájú ilé. Àtẹ̀gùn yẹn ò sí mọ́, bàbá mi. Òkun ti gbé e lọ, omi jíjìn ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò tẹ̀, kí n tó di ìró rẹ̀ mú. Àtùpà já bọ́ sómi. Inú bí i sí mi gan-an.

"Ṣé inú òkùnkùn lo fẹ́ kó wà ni?"

Ohun tí n kò sọ fún un ni pé èmi náà gbọ́ ọ. Ohùn yín ni, pẹ̀lú bí ẹ ṣe máa ń fa ìparí "Gbé àtùpà wá o" gùn. Kò bínú, kò sunkún. Ó pè, ó dákẹ́, ó tún pè, bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí.

Ṣé ẹ rò pé ilé lẹ ń bọ̀ ni? Ṣé ẹ ń rí iná wa láti ibi tí ẹ wà? Ṣé etí yín ṣì wà, àbí ẹnu nìkan ló kù? Tí kì í bá sì ṣe ẹ̀yin, ta ló ń lo ohùn yín? Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mi ò ní sí nílé láti di Màmá mú.

Ìpẹ̀ Màmá la gbájú mọ́, kò sẹ́ni tó rántí láti sọ fún ẹ̀yin. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lẹ ó ti gbọ́ ọ. Ọkọ̀ yín dojú dé. Omi gbé yín lọ. Ẹ ti kú, bàbá mi. Àárò yín ń sọ mí, ṣùgbọ́n ẹ ti kú. Ẹ má pe Màmá mọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò ní gbé àtùpà wá.