Máàkì Tí Mo Gbà Nínú Ẹ̀jẹ̀

Smaranda ọmọ mi,

Kú òtútù ìlú Cluj o. Ṣé dáadáa ni ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ wà? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí yìnyín yọ̀ ọ́ ṣubú. Ara wa le níbí, àfi ẹsẹ̀ mi, òun náà sì ti ń gbọ́ràn.

Ìyá rẹ ní o ti bẹ Gavrilă àbúrò òun pé kó gba ipò mi ṣíwájú ijó hora tí a ń di ara wa lọ́wọ́ mú jó nínú àgbàlá wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, torí pé mi ò lè wọ bàtà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n kọ 9.4 sórí ìwé. Ìwọ náà mọ̀ pé mẹ́wàá ni máàkì tó ga jù nílé ìwé wa. Onufrie aládùúgbò wa náà yẹ tirẹ̀ wò, ó gba márùn-ún péré, mo bá a kẹ́dùn, mo ní kó tẹra mọ́ ọn. Èmi wá fẹ́ pé mẹ́wàá, bí a ṣe pa ẹlẹ́dẹ̀ Kérésì báyìí mo jẹ ẹ̀dọ̀, mo jẹ kíndìnrín, mo fi ọtí pálínkà lé e. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ti wú bí tòmátì, aṣọ ìbora lásán ò gbọdọ̀ kàn án.

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní yúríìkì ásíìdì ló pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, òun ló ń di yanrìn sí oríkèé, kí n sapá kó wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ mẹ́fà. Láyé mi, mi ò rí ìdánwò tó jẹ́ pé ẹni tó fìdí rẹmi ló yege.

Mo ti fi pálínkà àti inú ẹran sílẹ̀. Omi ni mò ń mu bíi màlúù, wàrà ni mo fi ń jẹ mămăligă, ọkà àgbàdo wa, mo sì ń lo oògùn lójoojúmọ́, kódà lọ́jọ́ tí kò dùn mí. Gavrilă ní kí n mu ife kan péré, ta ni yóò mọ̀. Mo ní àtàǹpàkò mi á mọ̀. Ní báyìí mo ti gba 5.6, Onufrie sì ti wá bá mi kẹ́dùn.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn díẹ̀ ránṣẹ́, má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́. Ilé ọkọ á tù ọ́ lára, wàá bímọ, wàá tọ́ wọn yè.

Lánàá mo wọ bàtà dúdú mi, mo di ìyá rẹ lọ́wọ́ mú, a jó yí àgbàlá po láìsí olórin kankan. Ó sunkún, èmi náà sunkún, kì í ṣe torí ẹsẹ̀. Sọ fún Gavrilă pé kó kàn wá jẹun. Èmi ni bàbá rẹ, ọwọ́ mi ni wàá dì mú.

Toader, bàbá rẹ.