Ìtàkùn Tí Ewúrẹ́ Kò Jẹ

Ìṣẹ́gun, 17 Fẹ́búárì
Ìwé mi, ìwọ nìkan ni màá sọ fún: mo ti di ìyàwó! Láàárọ̀ yìí, nílùú Penzance – èmi, Petrok ọkọ mi, ẹlẹ́rìí méjì, òjò. Ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Ìyá Petrok (Ayaba ni mò ń pè é, inú ìwé yìí nìkan) wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí di Àbámẹ́ta. Ayọ̀ fẹ́ẹ̀ pa mí!

Ọjọ́bọ̀, 19
Mo tún ọgbà Ayaba ṣe, kí inú rẹ̀ lè dùn kó tó gbọ́. Mo gé ìtàkùn òdòdó ara ògiri wálẹ̀ dé orúnkún, bí bàbá mi ṣe ń gé tirẹ̀ nígbà òtútù. Mo ń kọrin. Mo sun ẹ̀ka rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 21
A sọ fún un. Ó sunkún, ó gbá mi mọ́ra. Àsè gbọ́dọ̀ wà, ó ní – ní Méè, lábẹ́ ìtàkùn, tí òdòdó bá bo ògiri. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ayaba ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn.
"Ta ló ṣe èyí?"
Ẹnu mi – ẹnu burúkú! – ní ewúrẹ́ Hosking aládùúgbò wa ni. Ewúrẹ́ yẹn máa ń já okùn.

Àìkú, 22
Mo jẹ́wọ́ fún Petrok. Ó ní ìtàkùn ti bàbá mi ń tanná ní Ògọ́sìtì, lórí ẹ̀ka tuntun. Ti ìyá òun, orí ẹ̀ka èṣí ni. Gbogbo òdòdó Méè ni mo sun. "Lọ sọ fún un, olólùfẹ́." Mi ò lè sọ.

Àìkú, 29 Máàsì
Ayaba ò kí Hosking ní ṣọ́ọ̀ṣì. Hosking kò ní jẹ nínú àsè wa, ó ní. Bàbá àgbà yẹn ṣí fìlà fún mi, ó rẹ́rìn-ín. Bàtà mi ni mò ń wò.

Ọjọ́ Ajé, 20 Épírì
Ewé tuntun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òdòdó – rárá. Tí mo bá jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Petrok, ayọ̀. Tí mo bá ṣí fèrèsé, ìtìjú.

Ọjọ́rú, 22
Mo sọ ọ́. "Èmi ni, Màmá. Kì í ṣe ewúrẹ́."
Ó rọra da tíì. "Ewúrẹ́ wo ló ń fi àlùmọ́gàjí jẹun? Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀. Hosking náà mọ̀. À ń wò ọ́ níran ni. Ìtàkùn á tún tanná, ọmọ mi. Irọ́ yẹn ló dùn mí."
Ilẹ̀ ì bá lanu gbé mi mì.
A ò yí ọjọ́ padà, ó ní. Iwájú ògiri òfìfo yẹn ni màá dúró sí, èmi ni màá sọ ìdí rẹ̀ fún àlejò. Kí n sì lọ pe Hosking fúnra mi.
Mo lọ. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo ẹ̀ tán lẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ ń wò mí. Ó wá ní ṣé kí òun mú afurasí náà dání.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́, sà.
Àbámẹ́ta, 23 Méè, aago méjì ọ̀sán. Gbogbo wọn ń bọ̀, àti ewúrẹ́.