Ọ̀bẹ Búrẹ́dì Tí Mo Há fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Èmi, Ràfíù Adébóyè Bọ́lárìnwá, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ọpọlọ mi sì jí pépé. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní Ìbàdàn. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikùn dókítà ni wọ́n fẹ́ là. Àbúrò mi, Àbíkẹ́, ni kó mú gbogbo ohun tí mo sọ níhìn-ín ṣẹ.

1. Ilé mi tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀rà di ti Àbíkẹ́, pẹ̀lú ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò.

2. Ìkòkò irin mi tó ní ìdérí di ti Àbíkẹ́ bákan náà. Kó má fi se ẹ̀wà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé ilé Màmá Nóírìn, opó kan ní ìlú Kọ́ọ̀kì, nílẹ̀ Áyálàǹdì. Àwọn ló kọ́ mi ní búrẹ́dì ilé wọn: ìyẹ̀fun, iyọ̀, sódà àti wàrà kíkan, kò sí ìwúkàrà rárá. Wọ́n ní inú irú ìkòkò yìí ni ìyá àwọn ti ń yan án, ẹyin iná lábẹ́, ẹyin iná lórí ìdérí. Bí wọ́n bá ti gé e ní gbígbóná, wọn a fi bọ́tà sí i bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Èmi a máa jẹ ẹ́, ọkàn mi a sì wà nídìí odó ìyá mi. Nísinsìnyí mo ti padà sídìí odó náà. Iyán ń bẹ, ẹ̀fọ́ ń bẹ. Òórùn búrẹ́dì yẹn ni mò ń wá kiri inú ilé. Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ Màmá Nóírìn kọ̀wé sí mi pé wọ́n ti jáde láyé.

3. Ewúrẹ́ mi di ti àwọn ọmọ Àbíkẹ́. Kí wọ́n má pa á. Òun ló jẹ búrẹ́dì tí ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, kò bèèrè ẹ̀sìn rẹ̀.

4. Ọ̀bẹ búrẹ́dì mi di ti ẹ̀gbọ́n mi, Jímọ̀ Bọ́lárìnwá, àgbẹ̀ kòkó ní Ọ̀rà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Lọ́jọ́ Iléyá ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbé búrẹ́dì síwájú yín. Ẹ rí àgbélébùú tí mo fi ọ̀bẹ gé sórí rẹ̀, ẹ tì í sẹ́yìn. Ẹ ní ọmọ tí gbogbo mọ́ṣáláṣí ṣàdúà fún kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ti gba ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ó yẹ kí n ṣàlàyé, ṣùgbọ́n mo ní ewúrẹ́ mi gbọ́n jù yín lọ. Ẹ forí jì mí. Ewúrẹ́ náà kò gbọ́n. Bí a kò bá gé orí búrẹ́dì yẹn jinlẹ̀, ooru kì í wọ àárín rẹ̀, ìyẹn nìkan ni. Màmá Nóírìn ní ó tún ń jẹ́ kí iwin inú rẹ̀ rí ọ̀nà jáde. Mo dúpẹ́ pé n kò sọ èyí lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹ máa ń yọ ẹran inú ọbẹ̀ yín sínú tèmi, ẹ ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò ṣe nǹkan. N kò tíì jẹ oúnjẹ tó dùn tó ìyẹn nílẹ̀ méjèèjì.

Nítorí náà, lọ́jọ́ fídáù mi, kí Àbíkẹ́ po ìyẹ̀fun, kí ẹ̀yin fi ọ̀bẹ yìí ṣe àmì tó bá wù yín sí i lórí. Ẹ ya òṣùpá, ẹ ya ọkọ́. Ẹ ṣáà gé e jinlẹ̀, kí ẹ sì jẹ ẹ́.

5. Bí mo bá ti Ìbàdàn dé láàyè, abala kẹrin dúró bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé èmi náà yóò jẹ níbẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìlá Ọ̀ràngún, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025.
Ràfíù A. Bọ́lárìnwá

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Tọ́pẹ́ Oyèdọ̀tun, aládùúgbò.
Sámúẹ́lì Àyàndélé, ọlọ́kadà, tí yóò gbé ẹ̀dà kan àti ọ̀bẹ náà lọ bá Ẹ̀gbọ́n Jímọ̀ ní Ọ̀rà lónìí, láì dúró de ikú ẹnikẹ́ni.