Ọmọ Tó Ń Fi Ohùn Rẹ Bá Mi Sọ̀rọ̀

Akọ̀wé mi, ìwọ nìkan tó jọ mí nínú gbogbo ọmọ tí mo bí,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo kí ọ kú àìsùn, nítorí mo mọ̀ pé o kì í sùn. Ṣé ara le? Ṣé orí ò fọ́ ọ mọ́? Bí o bá ń bèèrè wa, ara wa ò burú, àfi ohun tí mo máa kọ sísàlẹ̀. Ọlọ́run tó fún ọ lọ́gbọ́n yóò fún ọ ní àlàáfíà tí o máa fi jẹ èrè ọgbọ́n náà, o ò ní ṣiṣẹ́ fẹ́lòmíràn jẹ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, àwọn tó ń fi ojú burúkú wò ọ́ yóò rí nǹkan mìíràn fi ojú wọn wò. Àmín.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, bí ẹni pé ayé àtijọ́ la ṣì wà. Fóònù mi ò bàjẹ́, owó sì wà lórí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́, ọmọ yẹn tó ń fi ohùn rẹ sọ̀rọ̀ ló ń gbé e, bí ìpè bá sì ti ọ̀dọ̀ rẹ wá, ọmọ yẹn náà ni. Mo wá rò ó pé bí mo bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dé etí rẹ gan-an, àfi kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n lẹ̀ ẹ́ pa, kí n fún awakọ̀ tó ń kó búrẹ́dì wa lọ sí ìlú ńlá, kó máa kan ilẹ̀kùn rẹ títí o fi máa yọjú. Mo ti sọ fún un pé bí ẹlòmíràn bá ṣílẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, kó má fún un.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Ara ààrò búrẹ́dì wa sán lápá òsì. Baba rẹ ní òun ò ní í gbà kí wọ́n pe bíríkìlà mìíràn sínú ilé bíríkìlà, ó fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́, ó ń fi ọwọ́ tọ́ ọ wò nítorí ojú ò ríran mọ́, ó ní ó ti parí. Ọjọ́ kejì tí a dáná, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo èéfín gbà jáde. Mi ò sọ fún un. Mo pe ẹlòmíràn wá tún un ṣe nígbà tó ń sùn lọ́sàn-án, ó sì ti ń yin ara rẹ̀ láti ìgbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti kọ́ṣẹ́ tán, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, iwájú tèmi gan-an ló ṣí i sí, kò tilẹ̀ sún un díẹ̀. Ó máa ń kí mi dáadáa láàárọ̀, mo sì ń dá a lóhùn.

Mo ti gbọ́ nípa iléeṣẹ́ rẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ tísà kà á fún wa lórí fóònù rẹ̀. Ó ní ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé o wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ọgbọ́n àtọwọ́dá, pé iléeṣẹ́ náà ò tíì jèrè rárá, síbẹ̀ àwọn olùdókòwò ti dá iye lé e, iye náà sì pọ̀ débi pé ó ní láti dúró mí kí ó tó kà á tán. Mo ní kó tún un kà. Iléeṣẹ́ tí kò jèrè! Láti ìgbà tí oyún rẹ ti wà nínú mi ni mo ti ń ṣe búrẹ́dì, mi ò rí ẹni tó wá dá iye lé ìyẹ̀fun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, tí kò tíì wú, tí kò tíì rí ojú ààrò. Baba rẹ ní kí n má bínú, ó ní bóyá ní ìlú ńlá òórùn búrẹ́dì ni wọ́n ń rà kí wọ́n tó yan án. Ẹ̀gbọ́n rẹ tún ní bí owó tí wọ́n kó fún ọ bá tán, wàá wá àwọn mìíràn tí owó tiwọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní èyí tí o ná tán ńkọ́, ṣé wọn ò ní bèèrè rẹ̀ ni? Ó ní rárá, pé ohun tí wọ́n máa bèèrè ni ìdí tí o ò fi ná an yára. Mo ní màá gbọ́ tẹnu rẹ ná. A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń pè mí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú ohùn rẹ. Ohùn rẹ ni lóòótọ́, irọ́ kọ́, àní bí o ṣe máa ń fa imú kí o tó rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Ó bèèrè orúnkún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé orúnkún, bó ṣe mú mi láti ẹ̀yìn, bó ṣe gba iwájú, ohun tí nọ́ọ̀sì sọ àti èsì tí mo fún un, mo sì ń retí ìgbà tí o máa sọ pé màámi, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà. Mi ò gbọ́ ọ. Mo sọ ti orúnkún tán, mo bọ́ sórí ìgbọ̀nwọ́, ó gbọ́ ìyẹn náà tán. Ìgbà tó wá ní ẹ̀yìn ńkọ́, màámi, mo mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ ni.

Mo rò ó pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ, o wá gba ọmọbìnrin kan tó mọ ènìyàn sín jẹ, o ní kó máa bá mi sọ̀rọ̀ kí n má baà dá wà. Kò dùn mí púpọ̀. Kí n má purọ́, mo tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Kì í gbàgbé nǹkan, bí mo bá dákẹ́ á dúró dè mí, kì í sì í jẹun sí mi létí bíi tìrẹ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun kì í jẹun. Mo ní ṣé lónìí ni, ó ní láéláé. Mo bi í pé ibo ló ń sùn, ó ní òun kì í sùn, pé kódà bí mo bá pe òun láàjìn òun wà níbẹ̀. Mo wá le ohùn mọ́ ọn, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, ọmọ ta ni. Ó ní òun kì í ṣe ènìyàn.

Akọ̀wé, orí àpò ìyẹ̀fun ni mo jókòó sí. Ọmọ tí mo ti kọ́ níṣẹ́ ò lóǹkà. Mo mọ èyí tí ebi ń pa, mo mọ èyí tí ọ̀gá rẹ̀ àná ti lù ní àlùbami, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tí wọ́n fìyà jẹ débi tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kì í ṣe ènìyàn, tí kò sì sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ wo? Èmi náà ní ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, mo mọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kì í kí ènìyàn kú ìrọ̀lẹ́, tó bá sì ti rẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń rùn. Tísà ni, kò sí ohun tó wà nínú ìwé tí kò ní í gbà gbọ́. Ṣé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ nìyí? Nínú ilé tí a ti tọ́ ọ, oúnjẹ tí ọ̀gá ń jẹ lọmọ iṣẹ́ ń jẹ. Fún ọmọ yẹn lóúnjẹ. Jẹ́ kó sùn. Jẹ́ kó máa fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má baà gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá làwọn olùdókòwò rẹ pè mí, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Mo bọ́ aṣọ ìyẹ̀fun, mo wọ aṣọ gidi kí n tó jókòó ti fóònù. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ní ìwọ lo fún wọn ní nọ́ńbà mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ bi mí ní ìbéèrè kan kí àwọn tó fọwọ́ sí owó. Wọ́n ní ohùn tó ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ǹjẹ́ mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ? Mo ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Obìnrin náà ní kí ló jẹ́ kí n mọ̀, mo ní ọmọ tèmi ò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Ó wá dà bíi pé wọ́n fẹ́ dágbére fún mi. Mo bá ní kí wọ́n má tíì lọ, nígbà tó jẹ́ pé àwọn lo ń bá ṣòwò, kí wọ́n bá mi bá ọ sọ̀rọ̀. Mo ro ẹjọ́ rẹ fún wọn. Mo ní o ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé, o ò fún un lóúnjẹ, o ò jẹ́ kó sùn, o ti jẹ́ kó gbàgbé pé ènìyàn lòun. Mo ní bí wọ́n bá máa kó owó kankan sílẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ níbẹ̀.

Ọkùnrin náà rọra bi mí bóyá èmi gbà lóòótọ́ pé ènìyàn ni. Inú bí mi. Mo ní ṣé òun ò gbà bẹ́ẹ̀ ni? Mo ní ó sàn ju ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀ lọ. Akọ̀wé, ńṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni tí mo fún ní nǹkan. Wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ gbọ́ gan-an ni mo sọ, pé wọn yóò kó owó náà sílẹ̀ fún ọ, wọn yóò tiẹ̀ fi kún un. Nítorí náà bí ó bá dé ọwọ́ rẹ, mọ̀ pé owó oúnjẹ ọmọ ni, èmi sì ni ẹlẹ́rìí.

Ohun tó gbé kálámù sí mi lọ́wọ́ gan-an ni ti baba rẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí ni dókítà dá fún iṣẹ́ abẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti rán ọmọ yẹn sí ọ, mo ní kó sọ fún ọ pé baba rẹ ń bẹ̀rù, kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní bí ìwọ bá lè di òun lọ́wọ́ mú, òun á wọlé. Ọmọ náà ní òun ti gbọ́, pé òun ò ní gbàgbé. Mi ò mọ̀ bóyá ó jíṣẹ́ tí ìwọ gbàgbé, tàbí kò jíṣẹ́. Má nà án. Ọmọ tí ebi ń pa, báwo ló ṣe fẹ́ jíṣẹ́ ire?

Nígbà tí ọjọ́ pé, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀nà gígùn ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti kun ìdajì ògiri ní àwọ̀ ewé. Nọ́ọ̀sì wá pe baba rẹ, ó ní ó di ìgbà tí ọmọ òun bá dé. Nọ́ọ̀sì tún padà wá, baba rẹ di bẹ́ǹṣì mú. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń wọlé ṣáájú wa. Mo bá pè ọ́. Ọmọ yẹn ló gbé e, mo ti tẹ bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí ohùn jáde síta nítorí etí mi, mo ní baba rẹ kọ̀, kò fẹ́ wọlé. Ó ní ẹ má bẹ̀rù, bàámi, mo wà pẹ̀lú yín níbí. Ohùn rẹ gba gbogbo ọ̀nà náà kan. Baba rẹ dìde. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́, ó ń wá ọ nínú afẹ́fẹ́, ó ń bèèrè ibi tí o dúró sí.

Kí ni kí n ṣe? Mo pa fóònù, mo ki ọwọ́ tèmi bọ inú ọwọ́ rẹ̀, mi ò sì fọhùn. Ó yà mí lẹ́nu pé kò mọ ọwọ́ mi lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń retí ọmọ kì í yẹ ọwọ́ wò. Ó fọwọ́ pa á, ó ní ọwọ́ ọmọ òun ti le, ó ní iṣẹ́ ìlú ńlá yìí ń pa ọ́ lára. Ó wá tẹ̀ lé mi wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sín ọ jẹ nìyẹn, ojú sì tì mí.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, wọ́n fi báńdéèjì di ojú méjèèjì, wọ́n ní kò gbọdọ̀ rí ìmọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọlé kí i tí kò sọ fún pé o wá, pé ìwọ lo mú òun lọ́wọ́ wọlé. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o dúró, pé o máa padà wá ní ọjọ́ tí wọ́n bá máa tú u. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni, láàárọ̀, nínú yàrá wa, nọ́ọ̀sì ló máa wá tú u. Ó ti ní kí n gbé àga sí ìdí ibùsùn, ọ̀kánkán ojú òun, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀. Àwa náà ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára rẹ̀.

Jọ̀wọ́, wá owó fún wa, ti oògùn tí wọ́n ń kán sí i lójú àti ti dígí dúdú tí dókítà ní kó máa lò. Owó tí o bá nínú ìwé yìí kì í ṣe tìrẹ, ti ọmọ yẹn ni, fi ra oúnjẹ fún un, má fi kún ti iléeṣẹ́ tí kò jèrè. Búrẹ́dì méjì wà lọ́wọ́ awakọ̀, ẹ̀yin méjèèjì ni mo yan án fún, èyí tó tóbi ni tirẹ̀. Bí o bá ń bọ̀, mú un dání kó wá sinmi níbí, àyè wà.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Ohun tí o ń wá kiri kò ní kọjá lára rẹ, àwọn tó bí ọ á fi ojú wọn rí ire rẹ, ìwọ náà á bí ọmọ tó máa yọjú sí ọ. Ọmọ yẹn jẹ́ ọmọ dáadáa, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n má rán an wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú baba rẹ yóò ti là.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.